Sítíárì oníná Opel Corsa nínú MGB: àyẹ̀wò fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́ l'Ábẹ́òkúta

MGB, ọkọ̀ eré kékeré àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sítíárì rẹ̀ máa ń wúwo lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n fi ń ṣe é ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye rẹ̀ lé ní 500,000, kò sì sí ẹyọ kan tó ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú páwà sítíárì. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kò séwu. Bó bá ti sáré díẹ̀, sítíárì á fúyẹ́, gbogbo ohun tí táyà bá tẹ̀ lójú títì ni ọwọ́ awakọ̀ á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú olókè ni ìlú wa. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́rí padà ní Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà, tàbí tó fẹ́ fi ẹ̀yìn wọ ojúlé kan ní Aké níbi tí ògiri wà lọ́tùn-ún tí gọ́tà wà lósì, yóò yí sítíárì láti ìkángun dé ìkángun lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó bọ́. Ibẹ̀ ni èjìká ti máa ń jìyà.

Ohun tí a ń yẹ̀ wò níhìn-ín ni páwà sítíárì oníná tí wọ́n tú lára Opel Corsa tòkunbọ̀, pàápàá Corsa C tí wọ́n ṣe láàárín 2000 sí 2006, tí a wá gbé sínú MGB. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdájọ́ mi kí a tó jìnnà: ó dára, ó sì bá Abẹ́òkúta mu ju àwọn ọ̀nà yòókù lọ. Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ náà kò sí lára sítíárì rárá. Ìdí táyà iwájú àti iná ọkọ̀ ló wà. Mẹkáníìkì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Púpọ̀ nínú MGB tí sítíárì wọn le bí òkúta, àìrí gíríìsì ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí ń yí lórí kingpin (ọ̀pá irin tó dúró lóòró), kì í ṣe lórí ball joint (ìsokọ́ olórí róbótó) bíi ti ọkọ̀ òde òní. Ojú mẹ́ta ni a ti ń fa gíríìsì sí i ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé ọkọ̀ náà sì ní kí a máa fà á ní gbogbo máìlì 3,000. Eruku pupa àdúgbò wa máa ń dí àwọn ojú náà, ẹni tó ń fa gíríìsì á sì rò pé ó ti wọlé nígbà tó jẹ́ pé ìta ló ń dà sí. Ẹ fi bẹntiróò fọ ojú náà, kí ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí bí ẹrù ọkọ̀ bá ṣì wà lórí kingpin, gíríìsì kì í dé ibi tó ń lọ ara. Ẹ máa fà á títí dúdú àtijọ́ á fi jáde tán tí tuntun á fi yọjú. Ojú tí kò bá gba gíríìsì rárá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun sí i. Owó rẹ̀ kéré.

Ráàkì sítíárì (irin eléyín tó ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì) ní tirẹ̀, ọ́ìlì EP90 ló ń mu, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta páíǹtì, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 190. Bí rọ́bà tó bo ẹnu rẹ̀ bá ti ya, ọ́ìlì ti lọ nìyẹn, iyanrìn sì ti gba ipò rẹ̀. Ráàkì tó wà nírú ipò yìí, páwà sítíárì kò ní wò ó sàn. Ńṣe ni yóò fi agbára lọ̀ ọ́ títí eyín rẹ̀ á fi jẹ tán.

Báyìí ni ẹ ṣe máa mọ ibi tí ìwúwo ti ń wá. Ẹ gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì yí sítíárì. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá yí bẹ́ẹ̀, ẹ tú tie rod end (ìsokọ́ tó so ráàkì mọ́ ẹsẹ̀ táyà) méjèèjì kúrò lẹ́sẹ̀ táyà, kí ẹ tún un yí. Bó bá fúyẹ́ nísinsìnyí, kingpin ló lẹ̀bi. Bó bá ṣì le, ẹ tú ìsokọ́ tó so kọ́lọ́ọ̀mù (ọ̀pá sítíárì) mọ́ ráàkì, kí ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó tí kò yẹ.

Táyà tún ń kọ́? Èyí tó bá púpọ̀ nínú MGB tí kì í ṣe V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) wá kò fẹ̀ ju mílímítà 165 lọ. 185/70R14 ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, ó sì ń fi ìwúwo kún un nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní iwájú kò gbọ́dọ̀ dín sí psi 26. 28 ló dára jù fún ẹni tó ń yí kiri inú ìlú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó mọ MGB sábà máa ń sọ: caster rẹ̀ (bí kingpin ṣe fì sẹ́yìn tó) pọ̀, dígírì 7, àwọn kan sì máa ń ki pẹlẹbẹ irin sáàárín crossmember (irin ìbú tó gbé ẹsẹ̀ iwájú) àti ara ọkọ̀ láti dín in kù kí sítíárì lè fúyẹ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ẹni tí kò ní fi páwà sí i. Ẹni tó fẹ́ fi sí i, kó fi dígírì 7 náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Caster yìí ló ń dá sítíárì padà sí àárín lẹ́yìn kọ́nà, mọ́tò oníná sì máa ń dín agbára ìpadà yìí kù. Bí ẹ bá dín méjèèjì kù pọ̀, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu lójú títì márosẹ̀.

Iná ọkọ̀, níbi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́

Bí MGB yín bá ti ṣáájú ìparí 1967, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Nẹ́gátíìfù ni ti Corsa. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ láìyí i padà, kọ̀ǹpútà sítíárì á jóná kí ó tó yọ ọwọ́ kúrò. Ẹ yí orí bátìrì padà, ẹ yí wáyà kékeré méjì orí kọ́ìlì padà, ẹ sì wo aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì àti rédíò, nítorí àwọn yìí kì í gba ìyípadà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a tún inú wọn ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ agbára. Mọ́tò sítíárì Corsa kì í mu tó ámpù 2 nígbà tí ọwọ́ kò bá yí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń yí táyà lórí ìdúró, ó lè fa 40 sí 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Daínámò Lucas C40 tó wà nínú MGB àkọ́kọ́, ámpù 22 ni gbogbo agbára rẹ̀, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí lásán. Alternator 16AC tó rọ́pò rẹ̀ ń gbé 34, 18ACR ń gbé 45. Lójú mi, 45 ni ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀. Alternator tòkunbọ̀ kékeré tó ń gbé 60 sí 70, tí regulator rẹ̀ (tó ń ṣàkóso iná tó ń jáde) wà nínú, ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) á ṣe irin ìfàmọ́ fún un, ẹ kàn rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ tọ́ ní ìlà kan pẹ̀lú ti ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má gbàgbé ibi tí bátìrì MGB wà. Ẹ̀yìn ìjókòó ni. Títí di 1974, méjì oní-fóòtì (volt) 6 ni wọ́n so tẹ̀léra wọn. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wáyà tínrín á sì jẹ fóòtì run lójú ọ̀nà. Rìwáyà tó bá fẹ́ fa iná sítíárì láti inú àpótí fíùsì ọkọ̀ náà, ẹ dá a dúró: fíùsì méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú ti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ṣe é fún irú ẹrù yìí. Orí solenoid kíkì (starter, tó ń jí ẹ́ńjìnnì) ni kí ẹ ti fà á, níbi tí wáyà ńlá bátìrì ti dé. Wáyà 10 mm² ni kí ẹ lò, kí fíùsì 60 wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 sí ibi tí ẹ ti fà á. Bí 60 bá ń já nígbà tí ẹ bá ń páàkì, ẹ lè gbé 80 sí i, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Earth rẹ̀ (wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀) gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà, kí ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí ẹ bá dè é mọ́ títí irin á fi dán.

Wáyà tínrín tó ń jí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó gba fíùsì 5 kọjá, kí rílé (relay, swíìtì oníná) kan sì wà tó jẹ́ pé àfi bí alternator bá ti ń cháájì ni yóò ṣí. Ẹni tó bá so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, tó wá tan kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láti gbọ́ rédíò, á bá bátìrì tó ti kú.

Rírà àti gígé kọ́lọ́ọ̀mù

Ládípò l'Ékòó ni ẹ ti máa rí i. Ẹ má ra èyí tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ mọ́ ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì; ẹ jẹ́ kó kù ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ yí irin rẹ̀ lọ́wọ́: kó má fọ̀n, kó má hún, kó má ní ibi tó ti ń rọ́. Lẹ́yìn Corsa fúnra rẹ̀, ẹ nílò àpótí kékeré kan tó ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà sítíárì pé ọkọ̀ ń rìn. Àpótí yìí ló ní kókó tí a ń yí láti pinnu bí sítíárì ṣe máa fúyẹ́ tó, torí pé bí ìsáré tí kọ̀ǹpútà rò pé ọkọ̀ ń sá bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dín ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kù tó. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà, kí ẹ sì fi bátìrì dán kọ́lọ́ọ̀mù wò níwájú ẹni tó ń tà á.

Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin, 1972. MGB tó wọ orílẹ̀-èdè yìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ìgbà náà, apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ sábà máa ń wà. Corsa tòkunbọ̀ tó ń wọlé, apá òsì ni tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni mọ́tò rẹ̀ sì yọ sí. Nítorí náà ẹ gé páálí ní ìwọ̀n mọ́tò náà, kí ẹ fi wò ó lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: ṣé kò ní gbá irin tó gbé pẹ́dàlì, ṣé kò ní kan orúnkún awakọ̀? Kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

Tọ́nà àti wẹ́dà ni iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ wọn, Abẹ́òkúta sì ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ gba orí òkè kọ́lọ́ọ̀mù MGB kí sítíárì tirẹ̀ lè wọ̀ ọ́, ẹ gba ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè wọ ráàkì, kí ẹ̀rọ Corsa wá wà láàárín. Irin méjì tí wọ́n kàn fi orí kan orí tí wọ́n jó pọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ kankan. Kí tọ́nà ṣe búùṣì irin tó máa gba orí irin méjèèjì wọ̀ pinpin, ó kéré tán mílímítà 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lu ihò méjì sí i ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà á jó ẹnu búùṣì náà yípo, á sì jó inú ihò dí. Bí ẹ bá rí universal joint (ìsokọ́ tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún) tó ní eyín tó bá ìhà kan mu, tí bóòtù ń fún pọ̀, ó sàn ju jíjó lọ.

Ooru ni ọ̀tá. Inú ẹ̀rọ Corsa ni irin tínrín kan wà tó ń lọ́ díẹ̀ bí ọwọ́ bá ti yí sítíárì, sensọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ń sọ fún mọ́tò pé kó ṣiṣẹ́. Bí ooru bá dé ibẹ̀, ó tán. Kí wẹ́dà fi aṣọ tútù wé e, kó jó díẹ̀, kó dúró kó tutù, kó tún jó díẹ̀. Earth ẹ̀rọ ìjórin gbọ́dọ̀ wà lórí irin tí wọ́n ń jó gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjórin, kí iná má baà gba inú sensọ̀ kọjá. Bákan náà, orí tí ọwọ́ awakọ̀ ń yí nínú Corsa ni kó kọjú sí awakọ̀ nínú MGB. Mo rí i pé àwọn tó ń yí i dojú rú máa ń ṣe é torí àyè, sensọ̀ kì í sì í ka nǹkan kan dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Mọ́tò tó ń ti sítíárì, ó ń ti ara rẹ̀ náà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí irin tó gbé e fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ mílímítà 3, pẹ̀lú bóòtù M8 mẹ́rin tí wọ́n kọ 8.8 sórí wọn, kí irin mìíràn sì wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n dè é mọ́, torí pé páànù abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù MGB fẹ́lẹ́. Bó bá ń mì, ọwọ́ á ti yí sítíárì kí táyà tó gbọ́. Níbi tí universal joint méjì bá wà, kí ẹnu àmúga wọn wà ní ìlà kan, kí ìtẹ̀sí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju dígírì 30 lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sítíárì á máa fúyẹ́, á tún máa wúwo, nínú ìyípo kan ṣoṣo. MGB tí kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ ń ká sínú ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ má gé apá tó ń ká yẹn dànù. Àyà awakọ̀ ló ń dáàbò bò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Orí jáàkì ni ẹ ti máa kọ́kọ́ dán an wò, táyà iwájú lókè, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kúrò lórí sítíárì. Kò gbọ́dọ̀ dá yí. Bó bá dá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀: ooru ti ba sensọ̀ jẹ́, tàbí ẹ ti de kọ́lọ́ọ̀mù náà ní lílọ́. Ẹ tú bóòtù rẹ̀ kí ó sinmi, kí ẹ tún un dè. Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ni ẹ máa rà.

Kókó inú àpótí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i dókè lọ́jọ́ kìn-ín-ní torí pé ìka kan ń gbé sítíárì, inú wọn á sì dùn títí wọ́n á fi dé ọ̀nà Ṣágámù. Ní kìlómítà 80 ní wákàtí, ẹ gba kọ́nà gígùn kan, kí ẹ tú ọwọ́ díẹ̀. Sítíárì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ padà sí àárín. Bí kò bá padà, ẹ ti fi ìrànlọ́wọ́ kún un jù. Níbi tí mo fara mọ́, ó ṣì yẹ kí a fi ọwọ́ méjì páàkì, láìjẹ́ pé a ń gbé ìdí sókè lórí ìjókòó. MGB tó bá wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ MGB.

Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ìró kékeré bíi ti fáànù ni ẹ máa gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí i lórí ìdúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà tó ń wọ́pọ̀ jù ni pé kí sítíárì le lójijì lálẹ́, nínú òjò, tí iná iwájú àti wáípà ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Fóòtì ló já wálẹ̀. Ẹ wo earth kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn, lẹ́yìn náà ló kan alternator. Òjò fúnra rẹ̀ tún ní tirẹ̀: ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ká ni púpọ̀ nínú MGB, ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ sì máa ń jo. Inú ilé ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ Corsa fún, kò fẹ́ omi. Ẹ ṣe ìbòrí rọ́bà fún un láti òkè, kí ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ooru lè jáde.

Bó bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Irin ṣì so sítíárì mọ́ ráàkì, nítorí náà ọkọ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín. Yóò kàn wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí pé ẹ ń yí mọ́tò náà mọ́ ọn. Ìró kọ̀ọ́ nínú kọ́lọ́ọ̀mù yàtọ̀ pátápátá. Búùṣì tàbí joint ló ń tú. Ẹ páàkì, ẹ má wà á délé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Kíìtì tí wọ́n ṣe fún MGB gan-an wà, bíi ti EZ láti Netherlands àti Litesteer láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tówó rẹ̀ ká a, kó ra èyí. Wọn ti ṣe irin ìfàmọ́ rẹ̀, kò sí jíjó, ẹ sì lè dá kọ́lọ́ọ̀mù àtijọ́ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́. Owó òkèèrè, owó ẹrù àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀, bó bá sì bàjẹ́, ọ̀nà jìn sí ẹni tó ṣe é. Ti Toyota Prius ti 2004 síwájú wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí àpótí kankan, àmọ́ bó bá ṣe fúyẹ́ náà ni ẹ máa gbà á, kò sí kókó tí ẹ máa yí.

Olómi, tó ní pọ́ọ̀mpù àti họ́ọ̀sì, mi ò gbà á nímọ̀ràn fún MGB. Ẹ ní láti wá ráàkì mìíràn, ẹ ní láti wá àyè fún pọ́ọ̀mpù níbi tí ooru ti pọ̀ jù, họ́ọ̀sì rẹ̀ á sì máa jo. Mercedes 230SL nìkan ni mo ti máa yà sọ́tọ̀, torí pé àpótí gíà sítíárì ló ní dípò ráàkì, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ta olómi fún àwọn oníbàárà tó béèrè. Ẹ wá ti ilé-iṣẹ́ náà. Datsun 240Z àti Triumph TR6 máa ń gba oníná bíi MGB. Karmann Ghia kò nílò rẹ̀, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún alignment. Toe-in MGB (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe tẹ̀ sínú sí ara wọn) jẹ́ mílímítà 1.5 sí 2.3. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá máa wà á pé kí wọ́n jẹ́ kí táyà yí díẹ̀ kí wọ́n tó yí sítíárì, torí pé páwà á jẹ́ kó rọrùn láti lọ táyà àti tie rod end run lórí ìdúró láìmọ̀. Nígbà tó bá sì rin kìlómítà 100, ẹ fi sípánà kàn gbogbo bóòtù kọ́lọ́ọ̀mù, ti irin ìfàmọ́ àti ti universal joint lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kan tàbí méjì á ti tú díẹ̀.